Tí ohun tẹ́ ẹ ń wá ní jíìmù bá yí padà, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ náà yí

Ọ̀pọ̀ ará jíìmù ló máa ń yí bí wọ́n ṣe ń gbé irin padà tí ohun tí wọ́n ń wá bá yí, àmọ́ oúnjẹ ò ní yí rárá, bí wọ́n ṣe jẹun nígbà tí wọ́n ń wá iṣan náà ni wọ́n á ṣì máa jẹun nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ikùn wálẹ̀, wọ́n á wá máa bínú sí ara wọn. Oúnjẹ ló yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, bó sì ṣe máa lọ nìyí.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ kọ́kọ́ mọ iye oúnjẹ tó ń mú ìwọ̀n yín dúró sójú kan. Ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì kàn ń fojú bù ú ni, òṣùwọ̀n yín ló máa sọ òótọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa jẹun bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ títí kan òróró tẹ́ ẹ fi dín nǹkan, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ gíráàmù ọ̀rá kan kálórì 9 ni (kálórì la fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ), purotéènì àti kàbọ̀háídíréètì, ìyẹn oúnjẹ bí ìrẹsì àti búrẹ́dì, ò ju 4 lọ. Ẹ gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀ tán, kẹ́ ẹ tó jẹ tàbí mu nǹkankan, ẹ ro ọjọ́ méjèèje pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí 7, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ kan wé ìkejì, tí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iye kálórì tẹ́ ẹ ń jẹ lójúmọ́ yẹn ló ń mú yín dúró sójú kan. Ẹ má wo ti ọjọ́ kan ṣoṣo, iyọ̀ tẹ́ ẹ jẹ lálẹ́ àná lè gbé e sókè.

Èyí tó ká mi lára jù ni purotéènì, torí òun làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń gé. Ẹ fẹ́ tóbi ni o, ẹ fẹ́ rù ni o, ẹ dúró sí 1.6 sí 2.2 gíráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹni tó wọn 80 kílò, 128 sí 176 gíráàmù nìyẹn. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹyin o, ẹja o, adìyẹ o, ẹ̀wà o, èyí tó bá bá yín lára mu. Kàbọ̀háídíréètì àti ọ̀rá lẹ ó máa fi kún tàbí kẹ́ ẹ dín kù. (Ẹni tó bá ní ìṣòro kíndìnrín, dókítà lẹ ó kọ́kọ́ rí o.)

Tó bá jẹ́ iṣan lẹ ń wá, ẹ fi kálórì 250 sí 300 kún iye yẹn lójúmọ́. Ìrẹsì tí ẹ ò tíì sè, nǹkan bíi 80 gíráàmù, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò pọ̀ rárá. Ẹ jẹ ẹ́ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú kẹ́ ẹ tó lọ gbé irin tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé. Ẹni tó wọn 80 kílò, 200 sí 400 gíráàmù lọ́sẹ̀ ló yẹ kó máa fi sókè. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣáà máa jẹ gbogbo ohun tó bá wá sọ́wọ́, mi ò fara mọ́ ọn rárá, bí iṣan ṣe ń yára dàgbà ní ibi tó mọ, oúnjẹ tó bá ti kọjá ibẹ̀ ọ̀rá ló ń dà, ẹ̀yin náà lẹ ó sì padà wá fi oṣù púpọ̀ yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ agbára, pé kẹ́ ẹ gbé irin tó wúwo sí i láìtóbi sí i, ẹ dúró sí iye tó ń mú yín dúró sójú kan, àmọ́ ẹ kó ìrẹsì tàbí búrẹ́dì púpọ̀ sí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa gbé irin wúwo, kẹ́ ẹ dín in kù lọ́jọ́ ìsinmi. Creatine, èròjà àfikún oúnjẹ kan tí àwọn tó ń gbé irin máa ń lò, 3 sí 5 gíráàmù lójúmọ́ náà máa ràn yín lọ́wọ́.

Tó bá wá jẹ́ ọ̀rá lẹ fẹ́ yọ, ẹ yọ kálórì 300 sí 500 kúrò lójúmọ́ nínú iye tó ń mú yín dúró sójú kan, kẹ́ ẹ gbé purotéènì lọ sí apá òkè iye tí mo dá yẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìwọ̀n lè já lulẹ̀ gan-an, ẹ má tíì máa jó, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí gíráàmù ṣúgà kọ̀ọ̀kan tí iṣan tọ́jú ń di omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bíi 300 sí 450 gíráàmù lọ́sẹ̀ ti tó fún ẹni 80 kílò. Ẹ má pa ọ̀rá inú oúnjẹ rẹ́ pátápátá, hòmóònù nílò ẹ̀, ẹ̀yin obìnrin tí nǹkan oṣù yín bá dáwọ́ dúró, oúnjẹ yín lè ti kéré jù, ẹ fi kún un kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà. Irin náà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó fúyẹ́. Irin wúwo ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ó ṣì nílò iṣan yẹn, tó bá rẹ̀ yín, iye séètì, ìyẹn iye ìgbà tẹ́ ẹ ń gbé irin léraléra kẹ́ ẹ tó sinmi, ni kẹ́ ẹ dín kù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò nínú ìkan bọ́ sínú ìkejì, ẹ má fò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró lójú kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ná. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kálórì 100 sí 150, kẹ́ ẹ wá fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá sì wà lórí yíyọ ọ̀rá, tí irin tẹ́ ẹ máa ń gbé tẹ́lẹ̀ ń ṣòro sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń sùn dáadáa, ẹ dá kálórì 150 padà sórí ọjọ́ tí irin wúwo jù, láti ara ìrẹsì yẹn náà.