Púlọ́ọ̀gì tí ojú kì í rí: ohun tí ẹ máa ń bi mí, àti èsì mi

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀nà Ọ̀dà, l'Ákùúrẹ́ níbí, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí wọ́n má gbé ọkọ̀ tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe wá bá mi, kí wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ fúnra mi ni o." Púlọ́ọ̀gì ni ohun kékeré tó ń ta iná sí epo nínú sìlíńdà, ìyẹn ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Pé ẹ ṣe é fúnra yín kò bí mi nínú. Ohun tó ń dùn mí ni pé àṣìṣe kan náà ni lójoojúmọ́, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ yín. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lẹ́nu, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tán, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, ìyẹn ni pé iná rẹ̀ kò ta déédéé mọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìdáhùn: Orí wáyà kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná. Ẹ tì í títí yóò fi dún "kẹ́". Tí ike tó dì í mú bá ti kán, gbágungbàgun ọ̀nà yóò tú u.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tú u kí ẹ́ńjìnnì tó tutù?

Ìdáhùn: Rárá. Tíréèdì tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn ilà inú ihò tí púlọ́ọ̀gì ń yí wọ̀, lè bá púlọ́ọ̀gì jáde. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Ìbéèrè: Sípánà wo ni?

Ìdáhùn: 10 fún bóòtù kọ́ìlì, 16 fún púlọ́ọ̀gì, fún ọ̀pọ̀ Corolla àti Sienna àtijọ́ tó wà nígboro wa. Kí sípánà púlọ́ọ̀gì náà ní rọ́bà nínú tí yóò di púlọ́ọ̀gì mú. Èyí tí kò ní rọ́bà, ẹ má rà á.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi sáńpépà ha èyí tó ti dúdú, kí n dá a padà?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Ẹnu púlọ́ọ̀gì irídíọ́ọ̀mù tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ni, sáńpépà yóò bà á jẹ́.

Ìbéèrè: Iyẹ̀pẹ̀ pupa kún inú ihò rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá tú u tán. Atẹ́gùn fọkanáísà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá já sínú sìlíńdà, inú ibẹ̀ ni yóò ti máa ha irin.

Ìbéèrè: Mo bá ọ́ìlì nínú ihò náà.

Ìdáhùn: Rọ́bà abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ló ti gbó. Púlọ́ọ̀gì ò jẹ̀bi. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́ìlì yóò ba rọ́bà kọ́ìlì náà jẹ́.

Ìbéèrè: Púlọ́ọ̀gì mẹ́ta ni mo rí lára Sienna mi. Àwọn tó kù dà?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ni mo dìídì kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Mẹ́fà ni. Nọ́ńbà 2, 4 àti 6 kọjú sí rédíétọ̀. 1, 3 àti 5 wà lẹ́yìn, lábẹ́ manífóòdù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fara ti ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ níyà. Àìmọye Sienna tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni mo ti ṣí, tí mẹ́ta iwájú ń dán, tí ẹnu mẹ́ta ẹ̀yìn sì ti jẹ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Sienna 2005 tèmi ni. Mi ò fẹ́ tú manífóòdù, mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi sípánà olóríkèé wá púlọ́ọ̀gì bí afọ́jú. Awọ bó lọ́rùn ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ó wọlé. Mo tàn án, ó dún jẹ́jẹ́. Mo gba ọ̀nà Ìdànrè lọ, òkè àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já mi jù síwá sẹ́yìn, iná ẹ́ńjìnnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú. Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, ní P0303, ìyẹn ni pé sìlíńdà 3 ló ń mísì. Mo gbé kọ́ìlì 3 sórí 2, P0303 náà ni. Mo ra kọ́ìlì tuntun, kò yí padà. Mo fọ ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Nígbà tó sú mi, mo tú wáípà, mo tú pánẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀, mo wá gbé manífóòdù kúrò. Mo fi púlọ́ọ̀gì 3 sí ojú 2, mo fi ti 2 sí ojú 3, mo tò ó padà, mo wà á lọ sí òkè yẹn. P0302! Àìsàn náà tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo yọ ọ́, mo yí i lórí àtẹ́lẹwọ́ mi lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ilà kan wà lára tánganran funfun yẹn, kò nípọn ju irun orí lọ, ipa dúdú kan bí ipa pẹ́ńsù sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Èmi ni mo sán an, lọ́jọ́ tí sípánà mi fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú òkùnkùn. Tí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, iná ṣì ń rọ́nà fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á fún pọ̀, fífò yẹn á le, iná á wá gba ojú sísán yẹn bọ́ sára irin.

Nítorí náà, ẹ tú manífóòdù. Ẹ ti àkísà tó mọ́ bọ ẹnu ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó bá ṣí sílẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó dé e padà, kí ẹ sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Púlọ́ọ̀gì tó bá já bọ́ lọ́wọ́ yín sórí sìmẹ́ńtì, ẹ má lò ó mọ́, kódà bí ẹ ò rí nǹkan kan lára rẹ̀.

Tí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, ẹ má fi rìn lọ sílé. Epo tí kò jóná yóò lọ ba kàtálíísì tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ jẹ́, owó ìyẹn sì ju ti púlọ́ọ̀gì lọ fíìfíì.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti le tó?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọwọ́ yí i títí yóò fi jókòó. Tuntun tó ní òrùka, ẹ wá fi sípánà yí i ní ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta yíyí kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ó yí díẹ̀, ó wá le. Ṣé kí n fi agbára sí i?

Ìdáhùn: Ẹ dúró! Ẹ tú u padà. Ẹ wá ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá orí púlọ́ọ̀gì mu, kó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, ẹ fi í sọ púlọ́ọ̀gì kalẹ̀, kí ẹ máa fi ìka méjì yí i. Tí kò bá wọ̀ tààrà, rọ́bà á yọ̀, tíréèdì ò sì ní bàjẹ́. Irin ò ní yọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Tí ẹ bá ti fi agbára yí i kó tó yé yín, tàbí tí púlọ́ọ̀gì ṣẹ́ sínú, ẹ fi sípánà sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ má gbẹ́ ẹ, ẹ má fi òòlù kàn án. Ẹ ti àkísà tó mọ́ bọ ojú ihò náà, kí ẹ fi okùn fa ọkọ̀ náà lọ bá ẹni tó ní irinṣẹ́ tíréèdì. Ẹ má tàn án wá.