Bí o ṣe lè mọ èyí tí kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ ṣírò nínú òfin tí o kọ fún un

Àwọn ìyá ọlọ́jà kan ní Odò-Ògbè, Ilé-Ifẹ̀, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èmi ni mo kọ òfin ẹ̀yáwó wọn sínú rule engine, ìyẹn sọ́fítíwià tó ń ka òfin tí a bá kọ fún un, tó sì ń ṣírò iye tó kù. Báyìí ni mo kọ ọ́:

gbese - sisan - edinwo

Ìyá kan jẹ 50,000 náírà. Ó san 8,000, ẹgbẹ́ sì dín 2,000 fún un nítorí pé ó tètè san. 40,000 ló yẹ kó kù, àmọ́ 44,000 ló jáde. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mi dà?" Ó dùn mí wọra, owó ata ni.

Ọwọ́ ọ̀tún ni sọ́fítíwià náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yọ 2,000 kúrò nínú 8,000, ó wá yọ 6,000 tó ṣẹ́ kù kúrò nínú gbèsè.

Nítorí náà, kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tí o mọ ìdáhùn rẹ̀ dán an wò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú òǹkà wa. Márùndínláàádọ́ta: ogún mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta, tún yọ márùn-ún. Tẹ 20 * 3 - 10 - 5. Bí 45 bá jáde, ó káre. Bí ó bá jẹ́ 55, márùndínlọ́gọ́ta ló kà fún ọ, ọ̀tún ló ti ń yọ ọ́.

Tẹ 5 + 20 * 3 náà. 65 ni BODMAS, òfin tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ká sọ nọ́ńbà di púpọ̀ ká tó ro ó pọ̀, máa fún ọ; bí o bá rí 75, èyí tó bá kọ́kọ́ kàn láti òsì ló ń ṣe. 24 / 4 * 2 gbọ́dọ̀ jẹ́ 12, kì í ṣe 3.

Ṣọ́ra fún àmì ìyọkúrò tó bá ṣíwájú nọ́ńbà. Tẹ =-2^2 sínú Excel (àmì ^ ní kí ó fi nọ́ńbà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀), 4 lo máa rí. Tẹ -2**2 sínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà (** ni ^ tiwọn níbẹ̀), -4 ni. Bí àwọn tó ṣe wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn.

Lẹ́yìn náà, fi àkámọ́ sí i, kódà níbi tó dà bí ẹni pé kò pọn dandan:

(gbese - sisan) - edinwo

Bí òfin bá gùn, gé e sí méjì, kí o fún ìdajì àkọ́kọ́ lórúkọ tirẹ̀. Tọ́jú àwọn ìdánwò yìí, kí o sì tún wọn ṣe nígbàkigbà tí sọ́fítíwià bá yí padà.

Níkẹyìn, jókòó ti akọ̀wé ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀, kí ẹ fi ti ènìyàn mẹ́ta wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, náírà sí náírà, kí ọjà tó ná.