Omi tàbí afẹ́fẹ́: bí mo ṣe yan kúlà kọ̀ǹpútà fún ooru Kábà

Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mo tò kọ̀ǹpútà yìí fún: prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 7 5800X tí ilé-iṣẹ́ AMD ṣe, bọ́ọ̀dù B550 tí gbogbo ẹ̀yà rọ̀ mọ́, káàdì àwòrán RTX 3060. AMD kì í fi kúlà sínú páálí 5800X, ẹni tó rà á ni yóò wá tirẹ̀. (Kúlà tí mò ń wí kì í ṣe ti ìrẹsì òde o, ohun tó ń gbé ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀ ni.) Ṣé kí n gbé olómi ni, àbí aláfẹ́fẹ́?

Ẹ wo mọ́tò. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen àtijọ́, kò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Peugeot 504 ní tirẹ̀, omi ló ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì wá síwájú kí fáànù tó fẹ́ ẹ dànù. Ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń da ooru sí. Alágbàrù lásán ni omi. Bí yàrá bá ti gbóná, kò sí kúlà olómi inú páálí tó lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá náà lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ wọn yàrá. Mo gbé tẹmómítà sí ibi tí kéèsì, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, máa jókòó gan-an, kì í ṣe ara ògiri, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kẹta: 35°C. Àwọn tó ń dán kúlà wò nílùú òyìnbó sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tí kò ju nǹkan bíi 21 sí 25°C lọ. Iyekíye tí wọ́n bá kọ, ẹ fi ìyàtọ̀ yàrá wọn àti yàrá tiyín kún un. Kúlà tó ṣe 78°C lọ́dọ̀ wọn á súnmọ́ 90°C níbí, 90°C yìí sì ni òpin 5800X. Bó bá ti dé ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni wáàtì. 105 ni wọ́n kọ sí páálí, ṣùgbọ́n AMD fún un láyè láti jẹ 142 nígbà iṣẹ́ líle. Kọ́ọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àwọn apá prósẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, sì kó ara wọn jọ sórí ègé sílíkọ́nì kan ṣoṣo tí kò ju nǹkan bíi 81 mm² lọ. Ìfúnpọ̀ ooru náà ló ń fa wàhálà: kó tó kúrò lára ègé yẹn dé ìdérí irin prósẹ́sọ̀, ó ti há. Bí géètì bá há, ojúde ì báà fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, èrò á ṣì rọ́ lu ara wọn lẹ́nu géètì. Èyí ló jẹ́ kí èrè rédíétọ̀ ńlá kéré lórí 5800X ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Olómi náà ní ibi tó ti wúlò. Bí kéèsì bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kúlà gíga ò wọ̀ ọ́, tàbí tó bá jẹ́ prósẹ́sọ̀ Core i9-14900K tí Intel fún láyè dé 253 wáàtì, rédíétọ̀ 360 mm ni n bá gbé láìjanpata.

Àwọn kan ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni kò jẹ́ kí olómi bá ilẹ̀ yìí mu. Ìyẹn kọ́. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, prósẹ́sọ̀ àti pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri nínú kúlà olómi jọ kú ni. Kò sí ooru tuntun. Ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá kú tí prósẹ́sọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ni mo rò. Lára aláfẹ́fẹ́, fáànù nìkan ló ń yí. Bó bá kú, irin kúlà ṣì ń gba ooru díẹ̀, fáànù 120 mm èyíkéyìí sì lè rọ́pò rẹ̀, kódà kí ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ ọn títí ẹ ó fi rí wáyà tó ń dì í mú. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, omi dúró, ooru á dé òpin kíákíá, gbogbo kúlà náà lẹ ó sì rà tuntun. Láti Kábà, ẹ ó ránṣẹ́ sí Ìkẹjà tàbí Àbújá, oníbàárà á sì máa pè yín lórí fóònù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi inú rẹ̀ máa ń gba ara páìpù rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, láìsí pé ẹ rí i kó kán. Afẹ́fẹ́ tó bá kù nínú rẹ̀ máa ń wá ibi tó ga jù lọ, nítorí náà bí ẹ bá fi olómi sí i, ẹ má jẹ́ kí pọ́ǹpù ga ju orí rédíétọ̀ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pọ́ǹpù á máa pariwo bí ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́.

Mo gbé Thermalright Peerless Assassin 120 SE: ilé irin méjì, páìpù mẹ́fà, fáànù méjì, gíga 155 mm. Kéèsì mi gba 160. Ẹ ṣọ́ra fún RAM o, àwọn pátákó ìrántí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ prósẹ́sọ̀. Bí RAM bá ga, ẹ ó gbé fáànù iwájú sókè, ẹ̀gbẹ́ kéèsì lè má pa mọ́ mọ́. RAM kúkúrú tí kò ní ìwo ni mo lò.

Ṣíṣe é kò le. Mo tú ike dúdú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú prósẹ́sọ̀, mo sì fi ọwọ́ kejì di irin ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù mú, torí bí skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti jáde, ṣe ló ń já bọ́. Mo fi ọtí isopropyl nu ojú prósẹ́sọ̀, mo kán thermal paste, ìpara tó ń gbé ooru kọjá sí kúlà, tó ìwọ̀n hóró ẹ̀wà sí àárín, mo gbé kúlà lé e. Ibi tí mo ti ṣì í nìyí: mo di skúrù kan mọ́lẹ̀ pátápátá kí n tó fọwọ́ kan èkejì. Kúlà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdánwò àkọ́kọ́ sì fò dé 90°C láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Mo tú u, mo nu paste náà kúrò, mo fi tuntun sí i, mo wá ń yí skúrù ní ẹ̀ẹ̀mejì-mejì, lọ́tùn-ún, lósì, títí wọ́n fi dúró. Fáànù méjèèjì gba wáyà oníbejì lọ sí ẹnu CPU_FAN.

Mo fi Cinebench R23, ètò tó ń fún prósẹ́sọ̀ níṣẹ́ líle, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń wo ìgbóná rẹ̀ nínú HWiNFO. Nínú yàrá 35°C yẹn, ó ń rìn láàárín 88 àti 90. Ohun tó yanjú ẹ̀ kì í ṣe kúlà mìíràn. Nínú BIOS, ojú ìwé ètò bọ́ọ̀dù tó ń ṣí kí Windows tó wọlé, mo wá ECO Mode lábẹ́ AMD Overclocking, mo yan 65W, èyí tó ń fi òpin sí 88 wáàtì. Bí bọ́ọ̀dù yín kò bá ní in, ẹ lọ sí Precision Boost Overdrive, kí ẹ fọwọ́ kọ òpin iná mẹ́ta yìí: PPT 88, TDC 60, EDC 90. Ìgbóná wálẹ̀ sí nǹkan bíi 71°C. Fídíò tó ń gba ogún ìṣẹ́jú di méjìlélógún. Jẹnẹrétọ̀ náà mí kanlẹ̀.

Fáànù kéèsì: méjì ń fẹ́ wọlé níwájú, ọ̀kan ń fẹ́ jáde lẹ́yìn. Kí èyí tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ ni mo fẹ́, kí eruku pupa máa gba ojú asẹ́ wọlé, kó má gba gbogbo ihò tó bá rí. Lásìkò ọyẹ́, mo ń fọ asẹ́ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi blower fẹ́ kúlà, ìta gbangba ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ fi ìka di apá fáànù mú kó má lè yí. Bó bá ń yí kíkankíkan, ó lè ba bíárìn rẹ̀ jẹ́.

Kúlà yìí wúwo, ara bọ́ọ̀dù ló sì rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń gbé kọ̀ǹpútà gba Obajana lọ sí Lọ́kọ́jà, ẹ tẹ́ kéèsì sílẹ̀ kí bọ́ọ̀dù wà nísàlẹ̀, kí kúlà dúró lóró lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ kúlà kí ó tan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí paste lè rọ̀, kó pa á, kó yọ wáyà iná, kó sì yí kúlà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ kó tó fà á. Bí ẹ bá fà á gbàǹgbà, prósẹ́sọ̀ á bá a jáde nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ara ẹ̀ ni àwọn pín-ìn, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́, sì wà. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, etí bíléèdì tín-ínrín lẹ ó fi nà án, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa.