Bí mo ṣe kó èrò àwọn tó ka The Forever War jọ

Ẹgbẹ́ tí a jọ máa ń kàwé ní Ìbàdàn ló gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n tó darí ìjíròrò, kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ti ka ìwé náà sọ̀rọ̀, kí n kó ohun tí wọ́n bá sọ wá lórí bébà kan ṣoṣo, torí àwa náà mọ ara wa, tá a bá jókòó báyìí, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti sọ ni gbogbo wa máa gbè lẹ́yìn ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Fún ẹni tí ò tíì kà á: ìtàn àròsọ ni, Joe Haldeman, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ilé ìtẹ̀wé 18 ló kọ̀ ọ́ kó tó jáde ní 1974, ó sì tún wá gba Hugo àti Nebula, ẹ̀bùn ńlá méjì tí wọ́n ń fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ogun ni, láàárín àwa èèyàn àti àwọn ẹ̀dá àjèjì kan tí wọ́n ń pè ní Tauran, lọ́nà jíjìn réré níbi tí ìràwọ̀ wà. Wọ́n fi tipátipá mú ọmọkùnrin kan, William Mandella, tó kàwé físíìsì, wọ́n sọ ọ́ di sójà. Ìrìn àjò wọn yá débi pé àkókò ò rìn fún wọn bó ṣe ń rìn fún ará ilé, oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí Mandella máa kọ́kọ́ padà wálé, 2024 ti pé, ìyá ẹ̀ ti darúgbó, òun ṣì wà ní géńdé. Haldeman fúnra ẹ̀ ja ogun Vietnam, ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní 1968, kò sì ṣòroó rí nínú ìwé náà.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé "ṣé ó dùn?" Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn wa ní ìbéèrè yẹn, á ní "ó dáa, ó gbìyànjú", kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ìbéèrè méjì ni mo ń bi wọ́n: ibo lo ti pa ìwé náà dé tó ò fẹ́ ṣí i mọ́ lọ́jọ́ yẹn, apá wo lo sì lọ sọ fún ẹlòmíì? Ọ̀rọ̀ wá ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi voice note ránṣẹ́, mo ń gbọ́ ọ, mo ń kọ ọ́, ibi tí wọ́n ti dúró lápá òsì, ohun tí wọ́n sọ lápá ọ̀tún. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé inú mọ́tò ló ti ń sọ̀rọ̀, kọ̀ńdọ́ ń pariwo "Ìwó Road, wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ" lé e lórí, òun ò sì dákẹ́, ó ń ṣàlàyé stasis field fún mi. Ibì kan nínú ìwé náà nìyẹn tí ìbọn ò ti ní ṣiṣẹ́ rárá, iná mànàmáná ò ní ṣiṣẹ́, ló bá di idà àti ọfà lọ́wọ́ àwọn sójà tó bá ọkọ̀ òfurufú dé. Ó ní ẹ̀rín pa òun, pé ṣé Ṣọ̀ún Ògúnlọlá ni wọ́n gbé lọ sáàárín ìràwọ̀ ni. Ẹnjiníà obìnrin kan sì ní apá tóun gbádùn jù lọ nìyẹn o.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n bá ECOMOG lọ sí Làìbéríà nígbà yẹn lọ́hùn-ún, mo yá wọn ní tèmi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ò kàn wọ́n. Ibi tí wọ́n ti pa ìwé dé ni ibi tí Mandella ti délé, tí owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ pọ̀ rẹpẹtẹ, tí ilé ò sì jọ ilé mọ́, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ ogun tó ti ní òun ò ṣe mọ́ náà ló tún padà sí. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà tí àwọn lọ, ọjọ́ tí àwọn dé ló kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "ẹ káalẹ́ sà, dádì mi ò sí nílé." Mi ò kọ ìyẹn sórí bébà, mo kàn kọ "ibi tó ti délé" síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ló le jù. Ọkùnrin 50 obìnrin 50 ni wọ́n kó jọ nínú ìwé náà, àṣà àti òfin sójà ibẹ̀ sì ni pé kí obìnrin má kọ̀ fún ọkùnrin. Ọ̀kan ní "ọkùnrin ló kọ ọ́, ó sì hàn", kò fi nǹkan kan kún un. Lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, tí ìjọba inú ìwé náà ń tì lẹ́yìn kí èèyàn má bàa pọ̀ jù, tó fi di pé nígbà tí Mandella di ọ̀gá, òun nìkan ló kù tó yàtọ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ẹ̀, àwọn tí mo bi léèrè pín sí méjì. Àwọn kan ní ojú tí Haldeman fi wò ó ti gbó, àwọn kan ní ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà kí òǹkàwé lè mọ bó ṣe ń rí tó bá jẹ́ ìwọ lo dá yàtọ̀. Èmi fara mọ́ àwọn èkejì, àmọ́ kì í ṣe délẹ̀délẹ̀.

Ibi tó wá ká mi lára jù rèé. Ẹni méjì ń ta ko ara wọn lórí ìpadàbọ̀ sílé yẹn kan náà. Ọ̀kan ní ibẹ̀ ò gùn, kò sì wúwo tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ní irọ́ ni, ibẹ̀ ló burú jù nínú gbogbo ìwé, ó ń ka bí àwọn jàgùdà ṣe ya wọ oko àwọn òbí Marygay, ọ̀rẹ́bìnrin Mandella. Mo ní kí wọ́n kó ìwé wọn wá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àlòkù tó rà lẹ́bàá títì ní Dùgbẹ̀, ewé ẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń já, ti èkejì ṣì ń dán. Mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, mo ń ṣí wọn pọ̀, ló bá di pé wọn ò bára mu! Ben Bova, olóòtú Analog tó ń tẹ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn ẹ̀, ló ní apá àárín ti bani lọ́kàn jẹ́ jù, Haldeman wá kọ èyí tó fúyẹ́ dípò ẹ̀, èyí tó fúyẹ́ yẹn ló sì bá ìwé 1974 jáde. Ó di 1991 kí èyí tó kọ́kọ́ kọ tó padà sínú ìwé, 1997 lèyí tó pé gan-an tó jáde. Ẹ ò rí i pé àwọn méjì yẹn ò parọ́ mọ́ra wọn. Mo tún padà lọ bá gbogbo àwọn tó ti dá mi lóhùn, mo ní kí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé tí ọdún wà ránṣẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ń bínú pé ṣé ọlọ́pàá ni mí ni.

Nígbà tí mo fi ọdún kún bébà náà, ọ̀pọ̀ ìjà tó wà lórí ẹ̀ yanjú, àwọn tó ka èyí tó fúyẹ́ ló ń pè é ní ìwé ìjà, àwọn tó ka èyí tó pé ló ń sọ̀rọ̀ ilé. Ìparí ìwé nìkan ni ọdún ò yanjú. Ogun 1143 ọdún, kó wá jẹ́ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé ló ń gbé e lọ (ẹ má bínú, mo ti sọ ọ́), àwọn kan ní ọ̀lẹ ni òǹkọ̀wé, àwọn kan ní bí ogun ṣe ń rí nìyẹn, a jà á lọ́jọ́ ìjíròrò títí tí ẹni tó ni gbọ̀ngàn fi wá ń pa iná.

Ẹlòmíì ló máa ṣe ti ìwé tó kàn. Mo ti fún un ní ìbéèrè méjèèjì, mo ní kó fi ọdún ìtẹ̀jáde ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta.