Bí mo ṣe mú Màmá wa rin inú igbó Lekki

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọjá níwájú Lekki Conservation Centre, igbó tí wọ́n ń dáàbò bò ní Èkó, ní òdìkejì ilé iṣẹ́ Chevron, n kò sì yà síbẹ̀ rí. Ìgbà tí Màmá wa wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́ ni mo ní a óò lọ, àwa àti ọmọbìnrin mi.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù tí a fi débẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ tètè lọ, kí oòrùn tó mú. Owó ẹnu ọ̀nà lọ́tọ̀, owó afárá orí igi lọ́tọ̀.

Pákó ni wọ́n tò sórí àbàtà tí èèyàn ń rìn lé. A kò tíì rìn jìnnà tí ariwo ọkọ̀ fi ń lọ sílẹ̀. Ni Màmá bá dúró, wọ́n nawọ́ sí imọ̀ gbọọrọ kan. "Ògùrọ̀ nìyí. Ara rẹ̀ ni bàbá mi ti ń bọ́ ìko, fọ́nrán tí a fi ń hun nǹkan." Mo ti rò pé ọ̀pẹ lásán ni! Láti ibẹ̀ lọ, Màmá ló ń mú wa rìn. Wọ́n á fọwọ́ kan èèpo igi, wọ́n á gbóòórùn ewé, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe nílé.

Ọmọ mi mú bisikíìtì lọ́wọ́. Ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀, ó já a gbà, ẹkún sọ. Inú báàgì tó pa dé ni kí ẹ fi oúnjẹ sí.

Afárá náà gùn tó mítà 401, ó sì ń mì. Màmá jókòó sísàlẹ̀. Èmi àti ọmọ gùn ún, a di okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Lókè yẹn ni mo ti rí i bí ilé ṣe yí igbó náà ká. Orí igi lọ bẹẹrẹ lábẹ́ wa, lẹ́yìn rẹ̀ òrùlé ilé, òrùlé títí. Hẹ́kítà 78 péré ni igbó yìí. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, ló ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún Màmá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Nígbà tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Èkó, irú igbó báyìí ni mò ń rí létí ọ̀sà." Wọ́n bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bóyá wọ́n ń dá ògùrọ̀ níbẹ̀. Ó ní rárá o, Mà, ẹnikẹ́ni kì í gé nǹkan kan. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bùn ló fún wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ a yà sí etí òkun Elegushi. Ìgbì ibẹ̀ lágbára, ó sì ń fa èèyàn, nítorí náà omi kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ mi. Màmá kò tilẹ̀ wo òkun púpọ̀. Wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n fi ìka ya imọ̀ ògùrọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń fi ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ìko han ọmọ náà.