Bí A Ṣe Lè Mú Kí Akọ Ológbò Jáwọ́ Nínú Títọ̀ Sínú Ilé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, torí èkúté ni a fi ń gba ọmọ ológbò sílé, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ kì í sì í wá sí wa lọ́kàn títí yóò fi pé nǹkan bí oṣù 6, tí òórùn kíkan kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀yìn àga pálọ̀ jáde, òórùn tí a fi omi fọ̀ tí kò lọ, tí a fín lọ́fínńdà sí tí kò bò. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan yóò ní kí wọ́n nà án, ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n dì í sínú àpò kí wọ́n lọ jù ú sẹ́yìn ọjà. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí pé akọ ológbò kì í ṣàdédé tọ̀ sílé. Ó ní ìdí, ìdí náà sì ṣeé wá rí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ọ kí ẹ rí bí ó ṣe ń tọ̀. Ológbò tó ń fọ́n ìtọ̀ kì í lóṣòó. Yóò kẹ́yìn sí ògiri, kọ́tìnnì tàbí ẹsẹ̀ àga, yóò na ìrù sókè gbọnrangandan, ṣóńṣó ìrù náà yóò máa gbọ̀n, yóò máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tẹ amọ̀, kí ìtọ̀ díẹ̀ tó fọ́n jáde sẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí gíga orúnkún ọmọdé. Ààlà ni ó ń fi lélẹ̀ nígbà náà, ó ń sọ fún akọ mìíràn pé ibí yìí ní onílé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá lóṣòó, tó tọ̀ sórí ẹní, sórí ibùsùn tàbí sórí aṣọ tí a kó jọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: ó lè jẹ́ pé ibi tí a ní kó máa tọ̀ sí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá.

Àìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, nítorí òun ló ń pani. Ojú ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára akọ ológbò tín-ín-rín ju ti abo lọ, òkúta wẹ́wẹ́ tó dà bí iyanrìn tàbí ikun lásán sì lè dí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ológbò tiwa ní Àpẹtẹ nìyẹn. Ó ń lóṣòó káàkiri ilé, nínú abọ́ ìfọṣọ, lórí ẹní ìnusẹ̀, ó sì ń ké lóhùn tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Agídí ni a pè é, a sì pariwo mọ́ ọn, títí ọmọ mi obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì fi hàn mí pé kán-ń-kán mẹ́ta péré ló wà nínú abọ́ náà, ó sì pọ́n bí omi osùn. A gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí, a wọ Micra, a gbé e lọ fún ìtọ́jú kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ni, n kò rò pé yóò wà láàyè, nítorí pé ológbò tí ìtọ̀ rẹ̀ dí pátápátá lè kú láàárín ọjọ́ 1 sí 3. Nítorí náà, bí tiyín bá ń lóṣòó léraléra láìrí ìtọ̀ gidi ṣe, tí ó ń lá abẹ́ rẹ̀ ṣáá, tí ó ń bì tàbí tí kò jẹun, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má sì fún un ní paracetamol nítorí ìrora, hóró kan ṣoṣo tó láti pa ológbò.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ń fọ́n ìtọ̀ ni, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Nínú akọ ológbò 10 tí a bá tẹ̀ lọ́dàá, bíi 9 ni ó máa ń jáwọ́ tàbí kí ó dín in kù gan-an. Ó dára kí a ṣe é láti nǹkan bí oṣù 4 sí 6, kí ó tó mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n èyí tó ti dàgbà náà ń jàǹfààní rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko kan wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn dókítà ẹranko aládàáni náà sì wà nígboro. Ẹ béèrè iye owó àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ jẹun mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé láìsí oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mọ ìrora, ìkà ni, egbò rẹ̀ sì lè kẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn tí a ya wẹ́wẹ́ ni kí ẹ tẹ́ sí ibi tí ó ń tọ̀ sí, kí iyanrìn má bàa wọ ojú egbò. Ẹ tún fi sọ́kàn pé ó ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àti pé ìtọ̀ rẹ̀ kò ní ṣàdédé yí òórùn padà lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ológbò tí a tẹ̀ lọ́dàá kò ní pa eku mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sísanra ni ó lè máa sanra, nítorí náà ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀.

Ibi tó ti tọ̀ sí ńkọ́? Ibi tí a ti máa ń ṣe àṣìṣe jù nìyẹn. Bí òórùn náà bá ṣì wà níbẹ̀, yóò padà síbẹ̀, bí imú tiwa kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀yin náà yóò sì rí i pé ó tún ń jí dìde nígbà òjò tí ilé bá rin. Ẹ fi àkísà fa ìtọ̀ tútù gbẹ, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi tútù fọ ibẹ̀, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ wá fi fínígà tí a bu omi ìwọ̀n kan náà là nù ún. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wọ́n baking soda sí i di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbá a. Jik kò dára fún iṣẹ́ yìí: bí ó bá kan ìtọ̀ tàbí fínígà, èéfín olóró ni yóò yọ. Izal àti Dettol ńkọ́? Májèlé ni wọ́n fún ológbò, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè yọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò lára, bẹ́ẹ̀ ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi ahọ́n lá àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Káńfọ̀ àti kẹrosíìnì tí a máa ń fi lé e kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá rí ojú ibi tí òórùn ti ń wá, ẹ yá tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ ayédèrú owó wò, ẹ pa iná, kí ẹ tàn án sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ìtọ̀ tó ti gbẹ yóò máa tàn yanranyanran. Ibi tí ẹ bá ti fọ̀ mọ́ tán, ẹ máa gbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ológbò kì í fẹ́ tọ̀ síbi tí ó ti ń jẹun.

Fún èyí tó ń lóṣòó tọ̀ sílẹ̀ láìsí àìsàn, báàfù fífẹ̀ kan tí kò jìn, tí a bu iyanrìn odò sí, tó fún un. Ẹ gbé e síbi tó dákẹ́, kí ó jìnnà sí oúnjẹ, kí ẹ sì máa kó ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ológbò bá jẹ́ 2, báàfù 3.

Ọ̀rọ̀ akọ ológbò àdúgbò ló kù. Ní àgbàlá tí ilé ti sún mọ́ra, ọ̀kan lè máa wá jókòó sójú fèrèsé yín lóru, kí tiyín sì máa fọ́n ìtọ̀ sí kọ́tìnnì fèrèsé náà nítorí rẹ̀. Ẹ bo ìsàlẹ̀ fèrèsé, ẹ má sì da ajẹkù síta. Bí ẹ bá ká tiyín mọ́ ibi tó ti ń fọ́n ìtọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó sá. Fífi imú rẹ̀ gbo ìtọ̀ àti nínà kò kọ́ ọ ju ẹ̀rù lọ, ẹ̀rù sì ń mú kí ó tọ̀ sí i. Bí oṣù 3 bá kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí kò jáwọ́, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ mú àkọsílẹ̀ ibi tí ó ń tọ̀ sí àti àkókò tí ó ń tọ̀ dání, nítorí ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.