Àṣìṣe tó ń ba pọ́líìpù ìfun ńlá jẹ́ kó tó dé láàbù

Tí èsì bá jáde pé pọ́líìpù, ìyẹn ẹran tó hù sínú ìfun tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò, kò ṣeé kà, dókítà tó wà nídìí máíkíróskóòpù làwọn èèyàn máa ń bú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kó tó kàn án.

Ẹ má fi omi, spírítì tàbí omi dírípù rọ́pò fọ́málìn, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran rà. Gbàrà tí wọ́n bá ti gé ẹran kúrò lára ló ti ń rà. Awọ inú ìfun ló sì ń kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an la ti ń wá àmì jẹjẹrẹ. Kí fọ́málìn 10% ti wà nínú ike kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì pọ̀ ju ẹran náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó kéré tán. Ike ọlọ́rùn tóóró ńkọ́? Ẹran tó rọ̀ nígbà tó ń wọlé á ti gan tó bá yá, kò sì ní jáde mọ́ àfi ká run ún.

Ẹ má da pọ́líìpù ibi mẹ́ta pọ̀ sínú ike kan. Tí jẹjẹrẹ bá wà nínú ọ̀kan, ibo ni oníṣẹ́ abẹ fẹ́ padà sí? Ara ike ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ àti ibi tẹ́ ẹ ti gé e sí, kì í ṣe orí ọmọrí. Ọmọrí mẹ́rin tá a ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì kan náà kì í jẹ́rìí ẹnikẹ́ni.

Èyí tó lẹ́sẹ̀ bí olú ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nínú fọ́málìn, ẹsẹ̀ yẹn máa ń súnkì, ojú ibi tí wáyà ti gé e, ìyẹn ojú ọgbẹ́ rẹ̀, á sì fara pamọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe là á ní yàrá tẹ́ ẹ ti gé e torí pé ẹ fẹ́ wo inú rẹ̀. Ní láàbù, ínkì la kọ́kọ́ ń fi kun ojú ọgbẹ́ náà, ká tó là á lóròó, kí orí, ẹsẹ̀ àti ojú ọgbẹ́ lè hàn pọ̀ lórí gíláàsì kan. Ẹni tó bá gé e níbùú lè rí jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ bó ṣe jìnnà sí ojú ọgbẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ ìlànà ló sì ka jẹjẹrẹ tí kò jìnnà tó mílímítà 1 sí ewu. Àìsàn tó ti tán lè tipa bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ abẹ tí wọ́n á fi gé ìfun.

Pọ́líìpù pẹlẹbẹ tó tóbi, ẹ fi pín-ìnnì tí kì í dípẹtà kàn án mọ́ kọ́ọ̀kì, kí awọ inú kọjú sókè, kó tó wọ fọ́málìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ká jọ. Àwọn wẹ́wẹ́, ẹ má fi ẹ̀mú tẹ̀ wọ́n.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "polyp" nìkan sí máa ń bí mi nínú. Báwo ló ṣe tóbi tó? Ṣé odindi ni àbí ó já wẹ́wẹ́? Ṣé ìfun aláìsàn náà ti ń wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ látọjọ́ pípẹ́? Ìyẹn lè yí ìtumọ̀ ohun tá a rí padà pátápátá.

Ẹ̀yin ẹbí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé e lọ fúnra yín, ẹ má fi í sí fíríìsà: yìnyín á fa sẹ́ẹ̀lì ya. Tí láàbù bá ti tì lọ́jọ́ Ẹtì, á dúró nínú fọ́málìn rẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n kọ aago tó wọ inú rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù.